Ọba Tó Ti Woolwich Wá

Jósíà Àkànbí, ọmọ Ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí, ọmọ a-rí-ogun-má-yẹsẹ̀, ọmọ àwọn tí ọfà kì í bà lẹ́yìn, iwájú gbangba ni wọ́n ti ń gbà á. Bàbá Fúnkẹ́, bàbá Dáyọ̀, ọkọ Dọ̀káàsì. Àkànbí awakọ̀ tírélà, tó ń jẹun àárọ̀ ní Dover, tó ń jẹun alẹ́ ní Lyon. Ẹ̀gbọ́n mi tí a kò bí nílé kan náà. Ó sùn, kò sì jí mọ́.

Bí ọjọ́ ogbó bá gba gbogbo ohun tó wà lórí mi, bí mo bá tiẹ̀ gbàgbé ọ̀nà ilé mi ní Thamesmead, ọjọ́ kan wà tí kò ní ṣí kúrò lọ́kàn mi. Ọjọ́ náà ni wọ́n dé Àkànbí ládé, tí èmi sì ń fa kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ nínú yìnyín láìwọ bàtà. Fúnkẹ́ ọmọ rẹ̀ ló ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ kú, nígbà tí a ti ilé ìwòsàn dé, ó po tíì fún mi, ó jókòó ti ẹsẹ̀ mi bí ìgbà tó wà ní kékeré, ó ní, "Uncle, that king story, ẹ kọ ọ́ fún mi. Ẹ̀yin nìkan lẹ kù tẹ́ ẹ wà níbẹ̀." Mo sọ fún un pé ìwé mẹ́fà ni mo kà, ọwọ́ mi sì ti ń gbọ̀n. Ó ní kí n kọ ọ́ bí mo ṣe máa ń sọ ọ́. Bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ nìyí.

Nígbà tí èmi dé London, Àkànbí ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Ọ́fíìsì ló ń nù ní Woolwich, ó ń ti ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ lọ, ó ń fi mọ́ọ̀pù nu ilẹ̀ fún àwọn tí kò mọ orúkọ rẹ̀. Ó kó owó jọ, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa ọkọ̀ ńlá, ó gba láísẹ́ǹsì. Ọjọ́ tí ó gbà á, ó gbé mọ́ọ̀pù tó wà nílé rẹ̀, ó gbé e fún aládùúgbò, ó sì sọ fún ìyàwó rẹ̀ níṣojú mi pé, "Dọ̀káàsì, bí o bá tún rí mi nídìí mọ́ọ̀pù, kí o mọ̀ pé mo ti padà sẹ́yìn nìyẹn." Dọ̀káàsì ní àmín kò sí nínú ìyẹn, àdúrà ni kó gbà.

Òun náà ló mú mi dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, Mísítà Harry, òyìnbó kúkurú kan tó máa ń fi sìgá há ẹ̀yìn etí bíi káfíńtà. Ẹnu Àkànbí nìkan ló fi gbà mí síṣẹ́. Ó ní bí n bá ba ẹrù kan jẹ́, àwa méjèèjì la máa jọ lọ sílé lọ́jọ́ kan náà. Àkànbí rẹ́rìn-ín, ó ní kò séwu. Èmi ò rẹ́rìn-ín, torí mo mọ ara mi.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ n sọ àṣírí kan tí gbogbo awakọ̀ tó wà ní yáàdì wa mọ̀. Kò sí ohun tí Àkànbí kò lè fi tírélà ṣe, àfi rífáàsì. Ẹni tó bá ti wa tírélà rí á mọ̀ pé bí o bá yí sítẹ́ríìnì sọ́tún tí o ń lọ sẹ́yìn, òsì ni ìdí tírélà máa gbà. Ọ̀rọ̀ yẹn kò wọ Àkànbí lórí rárá. Bí a bá ti dé ibi tí a ó ti fẹ̀yìn wọlé, yóò sọ̀ kalẹ̀, yóò na ṣòkòtò rẹ̀ wálẹ̀, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ki ara rẹ̀: ọmọ Ẹ̀ṣọ́, ọmọ a-kì-í-fẹ̀yìn-hàn-ogun. "Ilé wa kì í fẹ̀yìn rìn, àbúrò. Bọ́ síbẹ̀." Èmi ni n ó wá bọ́ sídìí ọkọ̀. Ní gbogbo ọdún tí a fi jọ ṣiṣẹ́, iwájú ni Àkànbí ń wà, ẹ̀yìn ni tèmi.

Oṣù kìíní ọdún ni. Irúgbìn pòtétò la kó, tí a ń gbé lọ fún àwọn àgbẹ̀ kan ní Ítálì. Ẹ jẹ́ kó yé yín dáadáa. Pòtétò jíjẹ tó bá dì, ẹ ṣì lè rọ́gbọ́n dá sí i. Ṣùgbọ́n irúgbìn tó bá ti dì ti kú. Inú rẹ̀ á dúdú, á máa ṣomi, kò ní hù láéláé. Nítorí náà ni wọ́n ṣe de ẹ̀rọ kan mọ́ tírélà tó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sí àwọn àpò náà, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ló sì ń fún ẹ̀rọ ọ̀hún lágbára. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, pòtétò ń mí. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

A la Faransé já, a gun òkè, a kọjá bọ́dà láàárọ̀ kùtù. Ó rẹ Àkànbí. Ó gun ibùsùn kékeré tó wà lẹ́yìn ìjókòó wa, ó ní kí n tẹ̀lé ọ̀nà ńlá, kí n má yà síbì kankan. Kò tíì sọ ọ́ tán tó fi ń hanrun.

Bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́ ni mo gbójú sókè. Mo ti rí Olúmọ. Mo ti rí òkè Ìdànrè nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo sì rò pé mo ti rí òkè. Ẹ̀yin èèyàn mi, n kò tíì rí nǹkan kan. Àwọn òkè yẹn funfun láti ìsàlẹ̀ dókè, wọ́n dúró yí wa ká bí àgbàlagbà tó wọ sùtánà tí kò sọ̀rọ̀. Mo ní láti fi àyà tẹ sítẹ́ríìnì kí n tó rí orí wọn, nígbà tí mo sì rí i, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn án, ó pọ́n bíi wúrà tó wà nínú iná. Mo gbàgbé pé mò ń wakọ̀. Mo ń sọ ọ́ lẹ́nu pé, "Olúwa, ìwọ lo ṣe eléyìí, o ò sì sọ fún ẹnì kankan ní Abẹ́òkúta." Mo pe Àkànbí kó wá wò ó. Ó yí ẹ̀gbẹ́ padà.

Iwájú díẹ̀, ọkọ̀ tò gbọọrọ. Yìnyín ti dí ọ̀nà, kò sí ẹni tó ń lọ. Níbẹ̀ ni ọgbọ́n wọ̀ mí lórí, ọgbọ́n sì ni nǹkan tí mo máa ń sá fún jù láti ìgbà náà. Mo rí ọkọ̀ kékeré kan tí wọ́n ya búrẹ́dì sí lára, ó yà kúrò lórí títì, ó gba ọ̀nà tóóró kan lọ sókè. Mo ní ẹni tó ń ta búrẹ́dì kò lè ṣàìmọ gbogbo ọ̀nà àbùjá ìlú. Mo tẹ̀lé e.

Ọ̀nà náà ń rí tóóró sí i. Mo rí àmì pupa róbótó kan tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí nínú. Mo tún rí òmíràn. Mo ní bóyá ibi tó kù ni wọ́n ń kà fún wa, inú mi sì ń dùn pé kò jìnnà mọ́. Àṣé gíga ẹnubodè ni. Ọkọ̀ búrẹ́dì wọ abẹ́ ẹnubodè olókùúta kan lọ wẹ́rẹ́, èmi náà tẹ̀lé e, ariwo kan sì dún lókè orí wa bí ìgbà tí wọ́n bá ń wọ́ àpótí irin lórí sìmẹ́ńtì. Ọkọ̀ dúró. Mo tẹ iná mọ́ ọkọ̀, kò lọ. Ẹnubodè ti gbá orí tírélà mú bí ẹni gbá orí ọmọ mú níbi tí wọ́n ti ń gẹrun fún un.

Ọkọ̀ búrẹ́dì ò lọ síbì kankan. Ilé rẹ̀ ló ń lọ. Ó dúró níwájú ilé kan, ọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀, ó wò wá, ó gbé ọwọ́ lé orí, ó sáré wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lápá òsì wa, torí ìsìn ti bẹ̀rẹ̀. Orin ń jáde láti inú ṣọ́ọ̀ṣì náà, ohùn àwọn ọmọdé, ó mọ́ gaara. Ẹ́ńjìnnì wa sì ń ké bí ẹkùn lẹ́nu ọ̀nà wọn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá jẹ́ Aládùúrà, ẹ sọ fún mi, kí lẹ̀ bá ṣe? Nínú ìjọ wa, tí a máa ń ṣe nínú yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù bàtà ní Powis Street, bí àdúrà bá ń lọ lọ́wọ́, ẹni tó bá húkọ́ á kọ́kọ́ bojú wẹ̀yìn. Mo nawọ́, mo pa ẹ́ńjìnnì.

Ìdákẹ́jẹ́ ló jí Àkànbí.

"Àbúrò, ibo la wà?"

"Ẹ̀gbọ́n, a wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì."

"Ṣọ́ọ̀ṣì ibo?"

Mo ní n kò tíì mọ̀. Ó wo iwájú, ó wo òkè, ó rí òkúta tó jókòó lé wa lórí. Kò bèèrè ìyẹn. "Kí ló pa ẹ́ńjìnnì?"

"Èmi ni. Wọ́n ń gbàdúrà lọ́wọ́, ẹ̀gbọ́n."

Àkànbí kì í sọ̀rọ̀ burúkú sí èèyàn. Bí inú bá bí i dé góńgó, orúkọ ìyá ẹ ló máa pè. Ó di ojú rẹ̀. Ó ní, "Abígéèlì."

Ó nawọ́ kọjá mi, ó yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì húkọ́, ó dákẹ́. Ó tún yí i. Kò húkọ́ mọ́. Epo dísù kì í dì bí omi. Ó máa ń dì bí ọ̀rá tó wà lójú ọbẹ̀ àná, bó bá sì ti dì báyẹn, kò ní gba inú páìpù kọjá. A sọ̀ kalẹ̀, òtútù sì gbá wa létí. Àkànbí ṣí ẹ̀yìn tírélà, ó ti ọwọ́ bọ inú àpò tó wà létí, ó fọwọ́ kan pòtétò bí ẹni ń wò bóyá ara ọmọ gbóná. Ó ní wọ́n ṣì wà láàyè, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́. Ó jókòó sórí bọ́ńpà. Ó ní, "Dọ̀káàsì lóyún. Ó kù díẹ̀ kó bí. Mo mà máa padà sídìí mọ́ọ̀pù, àbúrò mi." Bí ó ṣe sọ ọ́ jẹ́jẹ́ ló dùn mí jù. Ká ní ó pariwo ni, ì bá sàn.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká gbàdúrà." Ó wò mí. Ó ní ó dáa, ṣùgbọ́n a ò ní fi jákẹ́ẹ̀tì gbà á, a máa gbà á bó ṣe yẹ.

Sùtánà wa wà nínú àpò lẹ́yìn ìjókòó, torí a kì í rìnrìn àjò láìgbé e. Ti Àkànbí balẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀, ó funfun kinniwin, Dọ̀káàsì ti lọ̀ ọ́. Tèmi, mo ti gbé e lọ sí ilé ìfọṣọ kan ní Plumstead, mo fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, ó sì ti súnkì débi pé orúnkún ló dá a dúró. Abẹ́ rẹ̀ ni ṣòkòtò òtútù tí mo rà ní ọjà Woolwich ti yọ jáde, àwọ̀ rẹ̀ dà bíi ti àgbàdo. Mo wá bèèrè pé nítorí yìnyín yìí, ṣé a ò lè wọ bàtà lẹ́ẹ̀kan yìí.

"Nínú sùtánà?" Bó ṣe dáhùn nìyẹn. Mo bọ́ bàtà.

Ẹ má bèèrè bí ó ṣe rí lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ìṣẹ́jú díẹ̀ àkọ́kọ́ dà bí iná, lẹ́yìn náà n kò mọ̀ pé mo lẹ́sẹ̀ mọ́. A tan àbẹ́là, a sun tùràrí nínú agolo, èéfín rẹ̀ ń gòkè tààrà nítorí kò sí afẹ́fẹ́. Àkànbí lu agogo kékeré ọwọ́ rẹ̀. A kúnlẹ̀ níwájú tírélà, a ké pe Olúwa Àwọn Ọmọ Ogun lédè Yorùbá, ohùn wa lọ kan àwọn òkè, àwọn òkè sì dá a padà fún wa. Àbí ẹ ò rí nǹkan. Òkè tó wà ní Ítálì ń ṣe àmín sí àdúrà wa.

Ìgbà náà ni ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì ṣí.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí a kò mọ̀ fún yín. Ọjọ́ náà ni àwọn èèyàn yẹn máa ń ṣe àjọ̀dún àwọn amòye tó ti ìlà-oòrùn wá kí Jésù. Wọ́n ti wọṣọ, wọ́n ti múra, wọ́n ń bọ̀ níta láti tò yí ìlú ká. Fáda ló ṣáájú, àwọn ọmọdé tó dé adé bébà tẹ̀lé e, ọkùnrin méjì tó wọ aṣọ ọba, àti ẹnìkẹta, Pietro, tó fi èédú kun ojú rẹ̀ kó lè ṣe ọba tó ti Áfíríkà wá. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n rí wa: adúláwọ̀ méjì nínú aṣọ funfun, láìwọ bàtà nínú yìnyín, pẹ̀lú àbẹ́là àti tùràrí, a kúnlẹ̀ sí wọn lẹ́nu ọ̀nà.

Màmá àgbàlagbà kan tó ń jẹ́ Assunta ló kọ́kọ́ kúnlẹ̀. Òmíràn kúnlẹ̀. Wọ́n ń kúnlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí dé inú ṣọ́ọ̀ṣì. Àwa ò lè dìde mọ́, torí a rò pé bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn, kò sì yẹ kí àlejò dìde ṣáájú onílé. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa kúnlẹ̀ tí a ń wo ara wa.

Fáda náà, Luigi lorúkọ rẹ̀, gbọ́ òyìnbó díẹ̀. Ó sún mọ́ wa, ó bi wá pé níbo la ti wá.

Àkànbí gbórí sókè. "Woolwich," ló fi dáhùn.

Fáda yíjú sí àwọn èèyàn rẹ̀, ó wí fún wọn. Wọ́n ń sọ ọ́ láti ẹnu dé ẹnu, Woolwich, Woolwich, bí ẹni ń pe orúkọ ìlú tó wà nínú Bíbélì. Èmi tí mo máa ń dúró de bọ́ọ̀sì lójoojúmọ́ ní Woolwich, ara mi bù máṣọ.

Pietro wá síwájú. Ó wo Àkànbí, ó fọwọ́ kan ojú ara rẹ̀, èédú wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìtìjú bò ó. Ó ṣí adé orí rẹ̀, ó gbé e lé Àkànbí lórí. N kò ní purọ́ fún yín, adé náà bá a mu. Àkànbí kì í kọ ọlá. Ó dìde, ó na ọrùn, wọ́n fa kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan wá tó ń jẹ́ Bianca, wọ́n sì gbé e gùn ún. Kò sí adé míì fún mi. Wọ́n wò mí látòkè délẹ̀, wọ́n wo ṣòkòtò àgbàdo mi, wọ́n fi okùn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lé mi lọ́wọ́.

Mo fà á. Kò lọ. Mo tún fà á, ó yí ọrùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ etí sùtánà mi, bẹ́ẹ̀ ohun tó kù nínú rẹ̀ kò tó nǹkan. Mo fi Yorùbá bẹ̀ ẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lójijì, ó fà mí lọ dípò kí n fà á, mo yọ̀, mo fi ìdí jókòó, mo ń wọ́ lọ nínú yìnyín níwájú gbogbo ìlú, okùn wà lọ́wọ́ mi síbẹ̀. Àwọn ọmọdé ń pàtẹ́wọ́. Láti orí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, Àkànbí fi ohùn ọba sọ pé, "Àbúrò, dìde, o ń kó ìtìjú bá Woolwich."

A yí ìlú ká, a padà sínú ṣọ́ọ̀ṣì. Níwájú pẹpẹ, wọ́n fi koríko gbígbẹ ṣe ibùjẹ ẹran, ọmọ gidi ni wọ́n tẹ́ sínú rẹ̀, ọmọ Beppe oníbúrẹ́dì, ojú rẹ̀ là kedere. Ọba kìíní gbé wúrà sílẹ̀ fún un, bébà aláwọ̀ wúrà ni. Ọba kejì gbé ìgò òróró sílẹ̀. Ó kan Àkànbí. Gbogbo ojú wà lára rẹ̀.

Ó ṣí adé, ó gbé e fún mi mú. Ó wo ọmọ yẹn pẹ́. Mo mọ ẹni tó ń rò. Lẹ́yìn náà ó yíjú padà, ó jáde, a ń gbọ́ ilẹ̀kùn tírélà tó dún, ó sì padà wọlé pẹ̀lú irúgbìn pòtétò kan ṣoṣo láàárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì. Ó kúnlẹ̀, ó gbé e sínú koríko lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ọmọ náà. Ó ní, lédè wa, "Mi ò ní nǹkan míì. Èyí ni gbogbo ohun tí mo ní."

Àgbẹ̀ ni wọ́n nílùú yẹn. Bàbá arúgbó kan nàgà, ó mú pòtétò náà, ó yí i wò, ó fi èékánná kan ibi tó ti fẹ́ hù. Ó mọ̀ pé irúgbìn ni. Ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó rí i pé ó tutù, ó wo ìta, ó wo tírélà wa tó dákẹ́. Kò sí ẹni tó túmọ̀ fún un. Ó kàn figbe ta, gbogbo ọkùnrin ṣọ́ọ̀ṣì náà sì dìde.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo rí iṣẹ́ Ọlọ́run lọ́jọ́ náà, ọwọ́ èèyàn ló sì fi ṣe é. Beppe lọ wa ẹyin iná láti inú ààrò búrẹ́dì rẹ̀, wọ́n kó o sínú páànù, wọ́n tì í sábẹ́ táǹkì, wọ́n ń fi aṣọ gbígbóná ra páìpù bí ẹni ń ra ẹsẹ̀ arọ. Àwọn obìnrin ń kó búláńkẹ́ẹ̀tì bọ̀ láti orí ibùsùn wọn, wọ́n ń bo àwọn àpò pòtétò, wọ́n ń fi koríko há àárín wọn. Màmá Assunta bọ́ ṣálì ọrùn rẹ̀, ó fi kún un. Ó sì mú ìbọ̀sẹ̀ ọkọ rẹ̀ tó ti kú wá, ó kúnlẹ̀, ó fi wọ èmi tí mo fa kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́.

Lẹ́yìn ọ̀sán, ẹ́ńjìnnì dáhùn. Wọ́n pariwo bí ẹni gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. A jẹ́ kí afẹ́fẹ́ díẹ̀ jáde lára gbogbo táyà títí orí tírélà fi jábọ́ kúrò lára òkúta. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà níwájú. Ẹ̀yìn nìkan ló kù, ní ọ̀nà tóóró, òkè lápá kan, ọ̀gbun lápá kejì. Mo wo Àkànbí. Mo ń retí oríkì.

Kò kì ara rẹ̀. Ó ní kí n bọ́ sídìí ọkọ̀. Òun gba adé lọ́wọ́ mi, ó dé e, ó lọ sí ẹ̀yìn tírélà, ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó kọjú sí ìsàlẹ̀ òkè, pẹ̀lú adé lórí àti àbẹ́là lọ́wọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Bó bá gbọ́wọ́ ọ̀tún, mo mọ ibi tí màá yí i sí. Bó bá gbọ́wọ́ òsì, mo mọ̀. Kò bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan. Nínú dígí, aṣọ funfun rẹ̀ nìkan ni mò ń rí lójú yìnyín, gbogbo ìlú sì ń tẹ̀lé wa pẹ̀lú orin títí a fi dé títì. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọmọ Ẹ̀ṣọ́ ti ṣe rífáàsì lónìí o."

"Èmi kọ́," ló wí. "Ọkọ̀ ló ń fẹ̀yìn bọ̀. Èmi, iwájú ni mò ń lọ."

Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ni ẹrù, ọ̀gá wọn fi ọ̀bẹ la pòtétò kan, Àkànbí di ọwọ́ mi mú. Inú rẹ̀ funfun. Ó la òmíràn. Funfun. Mísítà Harry ò gbọ́ nǹkan kan, àfi pé ó bi wá bí koríko ṣe dé inú tírélà rẹ̀. Fúnkẹ́ ni Dọ̀káàsì bí lóṣù tó tẹ̀lé e. Àkànbí ò fọwọ́ kan mọ́ọ̀pù mọ́ láyé rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ pọ̀. Má tẹ̀lé ọkọ̀ búrẹ́dì tí o kò mọ ilé rẹ̀. Má pa ẹ́ńjìnnì nínú òtútù, kódà bí áńgẹ́lì bá ń kọrin. Má fi omi gbígbóná fọ sùtánà. Èyí tó kù, n kò lè fi ẹnu sọ ọ́ dáadáa: pé bí ohun tí o ní bá kéré jù lọ, gbé e sílẹ̀ níbi tí wọ́n á ti rí i.

Nígbà tí a darúgbó, a máa ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sí etí omi ní Woolwich, a máa ń jókòó wo àwọn tírélà tó ń tò láti wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sódì kejì. Àkànbí á máa ka ohun tí wọ́n kọ sára wọn: ti Pólàǹdì nìyẹn, ti Spéènì nìyí. Bí ọ̀kan bá fẹ́ ṣe rífáàsì, á kọjú sí odò títí yóò fi ṣe tán.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, a gba títì Harrow Manorway lọ sí itẹ́ òkú, òjò ti rọ̀. Ọ̀nà tó lọ síbi sàréè tóóró. Darren, ọmọkùnrin tó wa ọkọ̀ òkú, ní kò sí ibi tí òun ti lè yí i, òun máa fẹ̀yìn wọlé. Fúnkẹ́ wò mí. Dọ̀káàsì di ọ̀pá mi mú, ó ní, "Ẹ dákun, ẹ ò ní jẹ́ kí wọ́n fẹ̀yìn gbé e wọlé." Sùtánà kan náà ni mo wọ̀, ó ṣì dá lórúnkún. N kò wọ bàtà. Mo lọ sẹ́yìn ọkọ̀, mo kọ ẹ̀yìn sí i, mo kọjú sí sàréè, mo gbé ọwọ́ sókè. Darren yọrí, ó ní, "Sir, you need to face me." N kò bojú wẹ̀yìn. Mo gbọ́wọ́ ọ̀tún, mo gbọ́wọ́ òsì, mo ń rìn, ọkọ̀ ń bọ̀. Mo gbọ́ tí Dọ̀káàsì bú sẹ́rìn-ín láàárín ẹkún, ó ní ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín, omi sì wà lójú mi. Mo sọ fún Àkànbí lọ́kàn mi pé, ọkọ̀ ló ń fẹ̀yìn bọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin, iwájú lẹ̀ ń lọ.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni. A sin ín.